Ọ̀pá Méjì Nínú Bọ́ńdù: Àkọsílẹ̀ Ọ̀rọ̀ Fáìlì Kan ní Èbúté Mẹ́ta

Kí n tó bẹ̀rẹ̀: mo ti yí ọjọ́ padà, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ni fáìlì gbọ́ pé mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n fo ojú ìwé kan. Ẹ ó mọ ojú ìwé náà tí a bá débẹ̀.

Ọjọ́ Ajé kan ni. Òjò ti fi gbogbo òru rọ̀, ojú ọ̀nà Òyìngbò ti di ẹrẹ̀, mo sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Nígbà tí mo máa wọlé, bàbá kan tó máa tó ọmọ ọgọ́ta ọdún ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú fèrèsé wa. Aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó gbé àpò ìwé kan lé orúnkún, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni gbé ọmọ ìkókó.

Ilé-ìwòsàn aládàáni ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Èbúté Mẹ́ta. A ò tóbi. Yàrá rẹ́kọ́ọ̀dù wa wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, fèrèsé onírin kékeré kan la fi ń dá àwọn èèyàn lóhùn. Inú ibẹ̀ gbóná, eruku páálí a máa wọ imú, àmọ́ mo mọ ibẹ̀ bí ìyá aláta ṣe mọ àtẹ rẹ̀. Nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn nọ́ńbà káàdì la fi ń to fáìlì. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ fáìlì kan, ó gbọ́dọ̀ ki páálí pupa bọ àlàfo rẹ̀, kó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, kó kọ ọjọ́, kó sì kọ ibi tó ń gbé e lọ.

"Ẹ káàárọ̀, Màdáámù," bàbá náà wí. "Ìwé ìyàwó wa ni mo wá gbà."

Mo béèrè pé ìyàwó ta ni. Ó ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun, ẹ̀gbọ́n tó ti di olóògbé láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Kò parọ́ o. Ìyàwó tí ẹnìkan fẹ́ nílé Yorùbá, gbogbo agbo ilé ló fẹ́ ẹ, obìnrin náà fúnra rẹ̀ "ọkọ mi" ló ń pe bàbá yìí. Inú ọ̀rọ̀ méjì yẹn, "ìyàwó wa", ni gbogbo wàhálà tó tẹ̀lé e ti jáde.

Aṣọ ni ìyá náà ń tà ní Balógun. Ní nǹkan bí oṣù kan ààbọ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn, bọ́ọ̀sì kan tó ń já ẹrù fi ẹ̀yìn rìn lù ú nítòsí Ìdúmọ̀tà, egungun itan ọ̀tún rẹ̀ sì dá. Àwọn ọmọ ọjà ló gbé e gba orí afárá Carter wá sọ́dọ̀ wa, torí pé ọ̀dọ̀ wa ni káàdì rẹ̀ wà láti ọdún 11 sẹ́yìn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi irin sí i nítan, ó lo ọjọ́ 23 ní wọ́ọ̀dù kó tó lọ sílé.

Lẹ́tà tó wà nínú àpò ìwé náà ti ọ́fíìsì lọ́yà kan wá ní Erékùṣù Èkó, lórí owó ìtanràn tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn tó ni bọ́ọ̀sì. Ó ní kí a kó gbogbo ìwé ìlera obìnrin náà jáde, láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ gba káàdì títí dòní, láàárín ọjọ́ 7, gẹ́gẹ́ bí Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 ṣe là á sílẹ̀. Wọ́n fi ìwé ìyọ̀ǹda kan mọ́ ọn nídìí: ìlà mẹ́ta tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀, orúkọ ìyá náà, ọjọ́, àti ìka kan tí wọ́n fi tàdáwà aláwọ̀ aró tẹ̀.

Mo ní kí bàbá fún wa ní ọjọ́ méjì. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Èmi ni mo san dìpọ́síìtì," ó ní. "350,000 náírà. Rìsíìtì rèé. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, ta ló wà ńlẹ̀? Èmi náà ni. Ẹ ò béèrè ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ mi nígbà tí ẹ̀ ń gbowó."

Ọ̀rọ̀ tó ní làákàyè ni, mi ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sọ fún un pé rìsíìtì jẹ́ tirẹ̀. Tó bá sọ nù lọ́la, a ó tún un kọ fún un láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orúkọ rẹ̀ náà ló wà lójú káàdì níbi tí a kọ ẹbí tó sún mọ́ aláìsàn jù sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí a máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni àyè yẹn wà fún. Ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ékòó rò pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ ló ni aláìsàn. Mo ti rí ọmọ ìyá méjì tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fẹ́ wọ̀yá ìjà níwájú fèrèsé wa.

Ó dìde. "Ìyàwó wa ni," ó tún wí. "Kí ló wà lára ìyàwó wa tí àwa ò gbọdọ̀ mọ̀?" Ó bọ́ sí ìta láti lọ pe lọ́yà. Èmi náà gbé lẹ́tà, mo gòkè lọ bá ọ̀gá àgbà wa. Fáìlì ìyá náà, tí mo ti yọ láti wò, mo fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí èrò ti tán, mo jókòó ti lẹ́tà náà.

Ohun tí lọ́yà fi dẹ́rù bà wá, Òfin Òmìnira Ìròyìn, òfin tó dára ni, ọjọ́ 7 tó dárúkọ sì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ìwé ọ́fíìsì ìjọba ló wà fún, àti ti àwọn aládàáni tó ń ṣe iṣẹ́ ìlú tàbí tó ń ná owó ìlú. Ká tiẹ̀ ní ilé-ìwòsàn ìjọba ni wa, abala 14 rẹ̀ yọ ọ̀rọ̀ àdáni ènìyàn sílẹ̀, abala 16 sì gbà wá láyè láti kọ̀ bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó wà láàárín òṣìṣẹ́ ìlera àti ẹni tó ń tọ́jú. Abala 16 yẹn kan náà ló dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó wà láàárín lọ́yà àti oníbàárà rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé lọ́yà fojú fo ibi tó kan òun gan-an.

Òfin tó ń darí iṣẹ́ wa ni Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014. Abala 26 rẹ̀ sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ aláìsàn jẹ́ àṣírí: bí ara rẹ̀ ṣe rí, ìtọ́jú tó gbà, títí kan pé ó sùn sílé-ìwòsàn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn la máa ń gbàgbé. Bí ẹnìkan bá pè wá pé "Ṣé lágbájá wà lọ́dọ̀ yín?", tí a sì ní "Bẹ́ẹ̀ ni", a ti sọ̀rọ̀ jù. Ìlẹ̀kùn tí òfin náà ṣí sílẹ̀ kò pọ̀. Kí aláìsàn fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda nínú ìwé. Kí ilé-ẹjọ́ pàṣẹ, tàbí kí òfin kan béèrè fún un. Kí òbí tàbí alágbàtọ́ béèrè fún ti ọmọdé, tàbí kí alágbàtọ́ tàbí aṣojú béèrè fún ti ẹni tí kò lè yọ̀ǹda fúnra rẹ̀. Tàbí kó jẹ́ pé bí a bá pa á mọ́, ewu ńlá ni fún ìlera ará ìlú. Àwa tí a wà l'Ékòó ní oṣù Keje 2014 mọ ìtumọ̀ èyí: nígbà tí Ebola wọlé, ènìyàn 894 ni wọ́n wá kàn ní Nàìjíríà tí wọ́n ń yẹ̀ wò, kò sì sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n pa orúkọ òun mọ́. Àmọ́ itan tó dá kì í ràn.

(Àwọn kan á béèrè ti ọlọ́pàá. Lẹ́tà láti àgọ́ ọlọ́pàá, lẹ́tà ọlọ́pàá ni. A máa ń gbà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀, a sì máa ń ní kí wọ́n lọ gba àṣẹ ilé-ẹjọ́ wá.)

Ìyá náà kì í ṣe ọmọdé. Kò sì ya odi: orí ibùsùn wa ló ti ń fi fóònù ná ọjà lẹ́yìn tára rẹ̀ balẹ̀. Nítorí náà, ìwé ìlà mẹ́ta yẹn nìkan ló kù.

Mo ṣí fáìlì. Láàárín ọdún 11, ìyá náà ti fọwọ́ sí ìwé lọ́dọ̀ wa nígbà 16. Mo kà wọ́n. Gbogbo ìgbà ló máa ń kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ a tẹ̀ sẹ́yìn bí ìwọ̀ ẹja. Kò tẹ̀ka rí. Kódà ìwé tó fi gbà pé ká ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun, tó fọwọ́ sí nínú ìrora, orúkọ rẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Ó kàn wọ́ díẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni mo wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé ìyọ̀ǹda. Ọjọ́ kẹrin tó dé ọ̀dọ̀ wa ni. Mo ṣí ìwé àwọn nọ́ọ̀sì síbẹ̀. Aago 9:40 àárọ̀, wọ́n gbé e wọ tíátà. Aago 1:15 ọ̀sán, ó jáde. Aago 2, abẹ́rẹ́ ìrora. Aago 4, ó ń sùn, tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ á lajú, á tún padà sùn. Aago 6, ẹbí wá kí i.

Mo gbé ìwé náà sábẹ́ iná. Ìka náà ò sí láàárín àyè tí wọ́n fàlà sí fún un, ẹ̀gbẹ́ ló wà. Tàdáwà rẹ̀ sì fà gbọọrọ sápá ọ̀tún, bíi pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò mọ ìgbà tí wọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Ní ọjọ́ kejì mo pe ìyá náà. Nọ́ńbà tó wà lójú káàdì wa ni mo pè. Èyí tó wà nínú lẹ́tà, mi ò fọwọ́ kàn án, torí pé ẹni tó bá fẹ́ tan èèyàn á kúkú kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ síbẹ̀. Mo kí i, mo béèrè ẹsẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ ọjọ́ ìbí wọn àti orúkọ ìyá tó bí wọn fún mi kí n tó sọ nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo fẹ́ fi ṣe sàárà ni. Ó sọ ọ́.

Mo wá béèrè nípa lọ́yà.

"Lọ́yà wo?"

Mo ka ìlà mẹ́ta náà fún un. Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkan ń ké pe oníbàárà, ẹnìkan ń na aṣọ pàà, pàà.

"Lọ́jọ́ tí ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi," ó wá wí, "nígbà tí mo jí, mo rí aró lórí àtàǹpàkò mi. Mo rò pé ẹ̀yin nọ́ọ̀sì lẹ fi sí i. Mo fi itọ́ nù ún."

Mi ò lè sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn. Abẹ́ òrùlé wa ni, ní àkókò tí àwa fúnra wa fún àwọn ẹbí láti wá kí aláìsàn, ẹsẹ̀ bíi mélòó kan sí tábìlì nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ka rẹ́kọ́ọ̀dù máa ń fọ́nnu pé àwa là ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà tí a ń ṣọ́ wà nísàlẹ̀, wọ́n ti parí iṣẹ́ wọn lókè.

Mo rò pé ibi tó burú jù nìyẹn, àfi ìgbà tó di Ọjọ́rú.

Ọmọbìnrin kan pè láti ọ́fíìsì lọ́yà náà, ohùn rẹ̀ tutù, ó ní àwọn dúpẹ́ fún èyí tí a ti fi ránṣẹ́, kí a jọ̀wọ́ fi èyí tó kù kún un. Mo ní èwo la fi ránṣẹ́? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà àkọ́kọ́ ìwé dísáàjì ìyá náà sí mi létí.

Mo wo yíká yàrá. Ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ọmọ jẹ́jẹ́, ọmọ tí mo fẹ́ràn, ń wo ilẹ̀. Ó ní nígbà tí mo gòkè lọ bá ọ̀gá lọ́jọ́ Ajé, bàbá padà wá sí fèrèsé. Ó ní ojú ìwé kan ṣoṣo lòun fẹ́, èyí tí wọ́n máa ń fún gbogbo ẹni tó bá ń lọ sílé. "Wọ́n ń mí hẹlẹ, Ànńtí. Wọ́n jọ bàbá mi." Fáìlì wà lórí tábìlì, níbi tí mo fi í sílẹ̀ sí. Ó fi fóònù rẹ̀ ya fọ́tò, ó fi WhatsApp ránṣẹ́ sí bàbá, bàbá fi ránṣẹ́ sí lọ́yà. Gbogbo rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ojú ìwé kan ṣoṣo lóòótọ́. Àmọ́ àwọn dókítà wa máa ń kọ ìtàn àtijọ́ aláìsàn sí orí ìwé dísáàjì ní ìkékúrú, ẹ̀jẹ̀ ríru, iṣẹ́ abẹ tó ti ṣe rí, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà mẹ́ta kan wà lára rẹ̀ tó dúró fún ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá náà ní ọdún 7 sẹ́yìn, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé. Ojú ìwé tó ní kí n fò nìyẹn. Kò kan itan, kò kan bọ́ọ̀sì, kò kan ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé náà.

Ọ̀gá àgbà wa kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ̀rù ló bà á. Ó ní kí a ní kí bàbá pa fọ́tò náà rẹ́, kí a bá ọmọ náà wí, kó tán síbẹ̀. Ta ló fẹ́ mọ ìtumọ̀ lẹ́tà mẹ́ta? Ó ní tí a bá sọ fún ìyá náà, àwa la máa fi ọwọ́ ara wa tú àṣírí ara wa.

Mo ní ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 ti fi ọ̀rọ̀ ìlera sí ara àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ lójú méjèèjì. Bó bá jábọ́ lọ́wọ́ ẹni tó sì lè pa ẹni tó ni í lára, wákàtí 72 ni òfin fún wa láti sọ fún àjọ tó ń rí sí i. Bí ewu náà bá pọ̀, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ láìfi falẹ̀. Mo tún rán an létí abala 29 nínú òfin ìlera ti 2014, èyí tó ní kí ẹni tó ń ṣàkóso ilé-ìwòsàn ṣètò ààbò fún àwọn ìwé aláìsàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún méjì lọ, tàbí 250,000 náírà, tàbí méjèèjì pọ̀. Owó yẹn ò tó nǹkan mọ́ lóde òní. Ọdún méjì ṣì jẹ́ ọdún méjì.

Kì í ṣe òfin ló yí i lọ́kàn padà, kí n sòótọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ aró orí àtàǹpàkò fún un. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nu ún fún ìgbà pípẹ́. "Ẹ pè é," ó ní. Ìwé wa dé ọ̀dọ̀ àjọ náà ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wákàtí 46 sí ìgbà tí mo gbọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni ìyá wá. Kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e dé ẹnu géètì, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì lábẹ́ abíyá, àǹkárá tuntun lára. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, ó ní:

"Lọ ra omi wá fún mi."

"Omi wà ńnú bàágì, Mọ̀mí."

"Lọ ra èyí tó tutù."

Ọmọ náà wo èmi, ó wo ìyá rẹ̀, ó jáde.

Mo kọ́kọ́ sọ ti fọ́tò, mi ò ṣe yíyí. Ọmọkùnrin wa ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó parí gbólóhùn. "Dìde," ìyá wí, "ilẹ̀ yín dọ̀tí." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. "Ó ti kà á?"

"A ò mọ̀, mà. Ó ti dé orí fóònù wọn."

Ó ronú. "Ọkọ mi yẹn, bó bá gba oògùn, ọmọ mi ló máa ń pè kó wá bá òun ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n lọ́yà mọ̀wé."

Kò sí ohun tí mo lè fi dá a lóhùn.

Ó béèrè bóyá òun lè rí fáìlì náà. Bó ṣe béèrè, ṣe ló dà bí ẹni tó ń tọrọ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Òfin ti 2023 fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí a kọ pa mọ́ nípa rẹ̀ àti ẹ̀dà rẹ̀. Àwa náà mọ̀, a kì í kàn sábà sọ ọ́ fún aláìsàn, torí pé ẹni tó bá rí ìwé á béèrè ìtumọ̀, ìtumọ̀ sì máa ń gba àkókò dókítà. Lọ́jọ́ yẹn dókítà jókòó tì wá. Ojú ìwé 143. Ìyá ń tú u bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò, ó ń fi àtàǹpàkò wo bí etí ìwé ṣe nípọn tó, ó ń béèrè pé, "Èyí ńkọ́? Kí ni wọ́n wí níbí?" Ó rí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti ọdún kan tó ga gan-an, ó ní, "Ọdún tí mo sin ọkọ mi nìyẹn."

Nígbà tó dé ojú ìwé tí mi ò ní sọ, kò béèrè nǹkan kan. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Fáànù ń yí lókè, ó ń dún kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀.

"Lọ́yà, ẹsẹ̀ mi ló fẹ́ gbà sọ̀rọ̀, àbí?" ó wá wí. "Èmi náà fẹ́ kó gbà á sọ̀rọ̀. Àwọn tó ni bọ́ọ̀sì yẹn gbọ́dọ̀ sanwó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí n gé ọ̀pá méjì fún òun, ṣé odidi bọ́ńdù ni mo máa gbé fún un?"

Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, mo sì ti jókòó sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀ lórí rẹ̀. Kò sí èyí tó là á yé mi tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé, ohun tí èmi àti ọ̀gá ń bá ara wa fà ni bóyá ká gbé fáìlì sílẹ̀ tàbí ká má gbé e sílẹ̀, bíi pé ohun kan ṣoṣo ni fáìlì.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ìwé ìyọ̀ǹda tuntun, mo kọ ọ́ ní Yorùbá, mo sì kọ ọ́ ní òyìnbó lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ojú ìwé tó yọ̀ǹda, wọ́n wà níbẹ̀ ní nọ́ńbà nọ́ńbà: ohun tí dókítà kọ lọ́jọ́ ìjàǹbá, ẹ́sírè, ìwé iṣẹ́ abẹ, ìwé nọ́ọ̀sì ti ọjọ́ 23, owó tí wọ́n san. Kò sí ohunkóhun tó ṣáájú ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì lù ú. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe: ọ̀rọ̀ owó ìtanràn yẹn nìkan. Ìgbà tí àyè náà tán: oṣù mẹ́ta. Ó lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà nígbàkigbà kó tó di ìgbà náà. Níbi tí a kọ ẹni tí yóò gbà á sí, mo bi í pé ṣé kí n kọ orúkọ lọ́yà. Ó gba bíírò lọ́wọ́ mi, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ ní kíkún, lẹ́tà àkọ́kọ́ tẹ̀ sẹ́yìn bí ìwọ̀.

Ohun kan ló kù tó yẹ kó gbọ́, mi ò sì fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo ní bí ọ̀rọ̀ náà bá dé kóòtù, tí àwọn tó ni bọ́ọ̀sì sì bẹ adájọ́, adájọ́ lè pàṣẹ pé ká mú ju èyí lọ wá. Bó bá pàṣẹ, ohun tó dárúkọ la máa mú wá, a ò ní fi nǹkan kan lé e. Ó ní ó dáa, ìyẹn adájọ́ nìyẹn.

Ojú ìwé 19 la ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nínú 143. Iná lọ ní ojú ìwé kọkànlá, a dúró de jẹnẹrétọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà, 1 nínú 19, 2 nínú 19, kí ẹnikẹ́ni má bàa yọ ọ̀kan kúrò tàbí kó ti ọ̀kan bọ àárín wọn. Ìwé dísáàjì ò sí lára wọn. Dókítà kọ ìròyìn tuntun lórí itan nìkan dípò rẹ̀, ìyẹn sì gbà á ní ọjọ́ mẹ́ta. Ìwé gidi kì í kúrò lọ́dọ̀ wa. Bí adájọ́ bá fẹ́ fojú rí i, èmi ni mo máa gbé e lọ, èmi náà ni mo sì máa gbé e bọ̀. Ẹ bi àwọn tó ní ẹjọ́ ní ilé-ẹjọ́ gíga Igbosere nígbà tí wọ́n dáná sun ún ní oṣù Kẹwàá 2020 bí ó ti máa ń rí tí ìwé gidi bá lọ.

A kọ̀wé sí lọ́yà pé kó pa fọ́tò náà rẹ́, kó má lò ó, kó sì fi ìwé jẹ́rìí sí i. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún pè mí fúnra rẹ̀, ó ní wọ́n sọ fún òun pé ìyá náà ò lè sọ̀rọ̀. Mo gbà á gbọ́, tàbí kí n sọ pé mo fẹ́ gbà á gbọ́. Ní wọ́ọ̀dù, ẹni kan ṣoṣo tí aláìsàn bá dárúkọ ṣáájú ló lè wọlé tọ̀ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ báyìí. Fóònù àwa tí a wà ní rẹ́kọ́ọ̀dù, inú dúrọ́ọ̀ ló ń wà títí a fi ń lọ sílé, tèmi náà. A sì ti yọ àyè ìtàn àtijọ́ kúrò lórí ìwé dísáàjì. Èyí dùn mọ́ mi ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí pé ọdún mélòó ni mo fi ń wo àyè yẹn tí kò sọ nǹkan kan sí mi.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e ni ìyá padà wá gba àpò ìwé rẹ̀. Mo fi ìwé ìlà mẹ́ta yẹn hàn án, mo ní ó lè gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó bá fẹ́, a ó sì jẹ́rìí sí ohun tí a mọ̀. Ó wo ìka náà, ó gbé àtàǹpàkò ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ọkọ mi ni," ó ní. "Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi wá, òun ló sáré. Mi ò lè fa ọkọ mi lọ sí àgọ́." Ó yí ìwé náà dojú dé. "Ṣùgbọ́n ẹ má jù ú nù. Ẹ fi sínú fáìlì mi."

Mo fi síbẹ̀. Ó di 144, tí a bá yọ ìwé ìyọ̀ǹda tuntun kúrò.

Kó tó lọ, ó ní òun fẹ́ rí ibi tí a ń gbé e sí. A kì í jẹ́ kí aláìsàn wọ ibẹ̀. Mo ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà lórí ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, mo wọlé lọ síbi ṣẹ́ẹ̀fù. Mo fa páálí pupa jáde, mo gbé e wá bá a kó fojú rí i: orúkọ mi, ọjọ́, ibi tí mo gbé e lọ. Ó kà á sókè. Mo padà lọ ki fáìlì bọ àyè rẹ̀, kò fẹ́ wọ̀ ọ́, mo fi ọwọ́ tì í.

"Ó ti sanra o," ìyá wí.

Ọmọ rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó mú omi tútù dání. Lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó rán an.